Òfin Kan, Ojú Méjì: Ọ̀ràn Ìtanràn Nínú Ìdíje Róbọ́ọ̀tì Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́tà náà gùn, a kò sì lè tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ilé tí ó ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí ní ojú ewé yìí. Ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni ọdún 16, ni ó ń wa ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní àsìkò ìdíje ọdún 2024, ní ọjọ́ kan náà, lórí pápá kan náà, ọmọ yìí ṣe ohun kan ní òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí. Ó tún un ṣe ní ọ̀sán, a sì fi ìtanràn máàkì 7 lé ìhà tirẹ̀ lórí. Máàkì 4 péré ni a fi borí wọn. Ìyá náà kọ̀wé pé nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ láti padà sílé ní alẹ́, ọmọ náà kò sunkún, kò sì bínú, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń tún bi í: “Mọ́mì, kí ni mo ṣe lọ́sàn-án tí n kò ṣe láàárọ̀?” Ìyá rẹ̀ kò rí èsì fún un. Òun náà wá bi wá bóyá ó yẹ kí òun jẹ́ kí ọmọ náà tún lọ ní ọdún tí ń bọ̀.

A kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ìwé ni iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n a wá ìwé òfin eré náà rí, a kà á, a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ju wa lọ, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, a kò sì fẹ́ kí a kà wá mọ́ wọn.

Fún àǹfààní àwọn òǹkàwé wa tí kò tíì rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀. Róbọ́ọ̀tì ni ẹ̀rọ tí a kọ́ láti máa rìn, láti máa gbé nǹkan, àti láti máa ju nǹkan, bí ẹni tí ń wà á bá ti pàṣẹ fún un. Ọ̀gbẹ́ni Dean Kamen, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ti ṣe ẹ̀rọ púpọ̀ jáde, ni ó dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní FIRST sílẹ̀ ní ọdún 1989, kí àwọn ọ̀dọ́ lè fẹ́ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ìdíje wọn àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1992 nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní New Hampshire, ẹgbẹ́ 28 ni ó sì pé jọ. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹgbẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀ kárí ayé. Irú eré yìí kò sì ṣàjèjì sí àwọn ọmọ wa nílé, nítorí nígbà tí FIRST Global, tí í ṣe ìdíje àárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, kọ́kọ́ pé jọ ní Washington ní ọdún 2017, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀.

Ní eré ti ọdún 2024 tí ìyá yìí kọ̀wé nípa rẹ̀, ìhà méjì ni ó ń bá ara wọn díje, pupa àti búlúù. Ẹgbẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni ó para pọ̀ di ìhà kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé róbọ́ọ̀tì 6 ni ó ń rìn lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Pápá náà gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 54, ó sì fẹ̀ tó 27. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 30 ni eré kan, ní àáyá 15 àkọ́kọ́ sì ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ẹ̀rọ rárá. Ohun tí a ti kọ́ ọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò máa ṣe fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣa òrùka fóòmù aláwọ̀ ọsàn nílẹ̀, kí wọ́n sì máa jù ú sí ibi tí a ti pèsè. Ẹ má ṣe rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ní ọdún 2024, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè wọ̀n tó pọ́n-ùn 125, láìka bátìrì àti tìmùtìmù tí a fi yí ìdí rẹ̀ ká, bí méjì bá sì kọlu ara wọn, ẹni tí ó jókòó lókè pátápátá yóò gbọ́ ọ.

Òfin gbà kí ẹ̀rọ kan dí ẹ̀rọ ìhà kejì lọ́nà, kí ó tì í, kí ó sì dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ni ó ní ìwọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn òfin náà ni òfin ìhámọ́. Ìhámọ́ ni pé kí ẹ̀rọ kan fara ti èkejì, bóyá kí ó tì í mọ́ ògiri pápá, tí èyí tí a tì kò fi lè rìn mọ́. Ìwé òfin ọdún 2024 wí pé kò gbọdọ̀ ju àáyá 5 lọ. Kì í sì í ṣe pé bí ó bá ti ṣí kúrò díẹ̀ ni ìhámọ́ ti parí. Ọ̀nà kan tí ó fi ń parí ni pé kí ẹ̀rọ méjèèjì jìnnà sí ara wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, kí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó ju àáyá 3 lọ. Ẹni tí ó bá kọjá àáyá 5 gba ìtanràn kékeré, máàkì 2. Fún àáyá 5 mìíràn tí kò bá tún fi í sílẹ̀, ìtanràn ńlá, máàkì 5. A kì í yọ máàkì wọ̀nyí lára ẹni tí ó ṣẹ̀. Ìhà kejì ni a ń fi kún tirẹ̀. Ibẹ̀ ni máàkì 7 ti wá.

Ìyá náà wí pé ní òwúrọ̀, ọmọ òun há ẹ̀rọ kan mọ́ ògiri, rẹfirí tí ó wà nítòsí sì ń fi apá rẹ̀ ka àáyá kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé 5, ọmọ náà fà sẹ́yìn díẹ̀, rẹfirí sì sọ apá kalẹ̀. Ọmọ náà tún padà lọ há a mọ́. Rẹfirí tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Ní ọ̀sán, nígbà tí ìdíje ti di ti àṣekágbá, ó fà sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n rẹfirí mìíràn ni ó dúró níbẹ̀, èyí kò sì dẹ́kun kíkà. Lójú tirẹ̀, àlàfo náà kò tó ẹsẹ̀ bàtà 6, nítorí náà ìhámọ́ àkọ́kọ́ kò tíì parí.

Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì? Ó ṣeé ṣe kí èsì wa má dùn mọ́ ìyá náà nínú. Bí ohun tí ó kọ bá rí bẹ́ẹ̀, rẹfirí ọ̀sán ni ó súnmọ́ ìwé òfin jù. Àánú rẹfirí òwúrọ̀ ni ó di ìdẹkùn fún ọmọ náà. Ọmọ tí ó ń wa ẹ̀rọ kò ní àkókò láti ṣí ìwé òfin láàárín eré. Apá rẹfirí tí ó rí ni ìwé òfin tirẹ̀. Nígbà tí apá náà wálẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ ọ: pé bí ó ti fà sẹ́yìn yẹn tó. Ó gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́, ó sì lò ó ní ibi tí ó ti ṣe pàtàkì jù. Àwọn òbí a máa kígbe sí rẹfirí tí ó le, wọn a sì máa yin èyí tí ó rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú ọ̀ràn yìí, ẹni tí ó rọ̀ ni ó kọ́kọ́ da nǹkan rú, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ títí di ọ̀sán.

Síbẹ̀, a kò ní dá rẹfirí òwúrọ̀ náà lẹ́bi tán. Kí òǹkàwé wa gbé àga méjì kalẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí ara wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Kí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́, yóò rí àlàfo náà kedere. Lẹ́yìn náà kí ó lọ dúró ní ìpẹ̀kun, níbi tí àga kan ti wà níwájú èkejì lójú rẹ̀, kí ó wá sọ bóyá ẹsẹ̀ bàtà 5 ni tàbí 6 tàbí 7. Kò ní lè sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn rẹfirí tí ó dúró yí pápá ká. Kò sí ìlà tí a fà sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà 6, nítorí ibikíbi ni ìhámọ́ ti lè ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́fà ń sáré kiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní òfin púpọ̀ tí ó lè rú. Àáyá pẹ̀lú, ẹnu ni a fi ń kà á: ẹnì kan a máa kà á bí ẹni tí ń ka owó, ẹlòmíràn bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé pé àwọn wọ̀nyí kì í gba owó iṣẹ́. Wọ́n ń fi òpin ọ̀sẹ̀ wọn sílẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ohun kan tún wà tí ó mú ti eré yìí le ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Òfin bọ́ọ̀lù tí a kọ ní London ní ọdún 1863 ti yí padà lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Rẹfirí tí ó ti fun fèrè fún ogún ọdún ti rí ohun gbogbo. Eré róbọ́ọ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù January ọdọọdún ni a ń gbé eré titun jáde, pẹ̀lú ìwé òfin titun, nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni ìdíje sì ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín àkókò yìí, a tún ń tẹ àtúnṣe ìwé òfin jáde ní ọjọ́ Tuesday àti Friday. Ẹ wo òfin ìhámọ́ yìí gan-an: àáyá 5 ni ní ọdún 2024, nígbà tí ó di 2025, ó di àáyá 3, ìtanràn ńlá sì kúrò ní máàkì 5, ó di 6. Rẹfirí tí ó ti fi gbogbo ọdún kan kọ́ apá rẹ̀ láti ka 5 ní láti kọ́ ọ láti ka 3. Ó dùn fún àwọn ọmọ pé eré titun wà lọ́dọọdún, nítorí ẹni titun lè borí ẹni àtijọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹfirí kì í pẹ́ dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó kọ ìwé òfin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè túmọ̀ sí ohun púpọ̀, wọ́n sì gbìyànjú. Ìwé náà sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni èyí tí kò tó nǹkan bí àáyá 3, ohun tí kò dáwọ́ dúró sì ni èyí tí ó ju nǹkan bí àáyá 10 lọ. A yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí nọ́ńbà kò lè dé. Òfin kan kọ̀ fún ẹ̀rọ láti mọ̀ọ́mọ̀ so mọ́ ẹ̀rọ ìhà kejì tàbí láti mọ̀ọ́mọ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀, ìwé náà sì fi kún un pé mímọ̀ọ́mọ̀ náà, bí rẹfirí bá ti rí i ni. Ìtanràn ńlá àti káàdì àwọ̀ ìyeyè ni fún ẹni tí ó bá ṣe é. Bí ẹni tí a dojú rẹ̀ dé kò bá sì lè rìn mọ́, káàdì pupa ni, ní ìpele àṣekágbá káàdì pupa ti ẹgbẹ́ kan sì ń mú kí gbogbo ìhà rẹ̀ pàdánù eré náà. Ta ni ó lè rí inú ọmọ ọdún 16 tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì ní ìpẹ̀kun pápá? Ẹ̀rọ ni rẹfirí ń wò. Bí méjì bá ti ara wọn tí ọ̀kan sì ṣubú, rẹfirí kan yóò wí pé èyí tí ó ṣubú ni a kọ́ gíga jù. Òmíràn yóò wí pé èyí tí ó ń tì í yẹ kí ó ti dúró nígbà tí ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gbéra nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ìdí.

Ẹgbẹ́ ìdíje mìíràn wà tí ń jẹ́ VEX, èyí tí ó gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, ìrúfin kékeré a máa jẹ́ ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n bí ìrúfin bá jẹ́ irú èyí tí ó yí ẹni tí ó borí padà, a lè yọ ẹni tí ó ṣẹ̀ kúrò nínú eré náà. Èrò rere ni. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ohun kan náà lè di ìkìlọ̀ fún ọmọ kan nítorí pé ìhà tirẹ̀ fi máàkì púpọ̀ síwájú, kí ó sì di ìyọkúrò fún ọmọ mìíràn nítorí pé eré tirẹ̀ súnmọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ wa. Lẹ́yìn eré ọ̀sán náà, ó ṣe ohun tí òfin là sílẹ̀. Ibì kan wà lẹ́bàá tábìlì àwọn aṣírò máàkì, tí a sàmì sí nílẹ̀, tí a ń pè ní Àpótí Ìbéèrè. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ yóò rán ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lọ dúró níbẹ̀, olórí rẹfirí yóò sì wá bá a. Bàbá kò lè lọ, ìyá kò lè lọ, olùkọ́ kò lè lọ. Òfin yìí dára lójú wa gidigidi. Ó kọ́ ọmọ láti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níwájú àgbàlagbà, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ẹjọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà sọ tirẹ̀. Olórí rẹfirí gbọ́, ó lọ bá rẹfirí tí ó ka ìhámọ́ náà sọ̀rọ̀, ó padà wá, ó sì wí pé bí a ti dá a ni yóò wà. Kò bínú sí i, kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ fún un pé: “Àlàfo rẹ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 6.” Nǹkan bí ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni ó kù tí ọmọ náà kò fi ní bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè nínú ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá ọmọ náà ti fi fóònù ya gbogbo eré náà, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n wò ó. Èyí kò ṣeé ṣe. Ìwé òfin wí pé olórí rẹfirí kò ní wo fídíò, tàbí fọ́tò, tàbí àwòrán tí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yà, láti ibikíbi tí ó ti wù kí ó wá. Ó kọ́kọ́ dà bí ìwà agídí lójú wa. Ṣùgbọ́n bí a ti ń rò ó síwájú, a rí i pé ẹgbẹ́ olówó ni yóò ní ayàwòrán ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pápá, ẹgbẹ́ tálákà yóò sì máa fi ẹnu lásán jà. Àti pé láti ìgbà tí a ti ń wo fídíò nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Rọ́ṣíà ní ọdún 2018, a kò tíì gbọ́ pé àríyànjiyàn tán ní ilé ọtí tàbí ní ilé onígbàjámọ̀ kankan.

Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, a ṣe akọ̀wé ní ilé ìkó-kòkó-sí kan. Àwọn méjì ni ó ń ka òṣùwọ̀n níbẹ̀. Ọ̀kan a máa dúró tààrà níwájú abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n. Èkejì ga, ó sì máa ń wò ó láti òkè láì bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kíkà tirẹ̀ a máa dín díẹ̀. Kò jalè, ó kàn ga ni. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn àgbẹ̀ kò kùn sí ẹni tí ó ga náà ní gbogbo ọjọ́ tí òun nìkan bá wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá jọ wà, tí a gbé àpò ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ èyí, tí a gbé ti aládùúgbò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀hún, ọjọ́ náà ni ariwo ń sọ. Ọ̀gá wa kò lé ẹnikẹ́ni. Ó gbé òṣùwọ̀n náà sórí pẹpẹ kan tí ó ga, ọ̀ràn sì tán.

Irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdíje wọ̀nyí nílò, kò sì ná ni lówó púpọ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń kó àwọn awakọ̀ ẹ̀rọ jọ láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni kí olórí rẹfirí ti gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀, kí ó fa okùn ẹsẹ̀ bàtà 6 sáàárín wọn, kí àwọn ọmọ àti àwọn rẹfirí jọ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ìpẹ̀kun. Kí wọ́n jọ ka àáyá pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ọ̀kan nínú àwọn rẹfirí bá sì rí i ní òwúrọ̀ pé òun ti rọ̀ jù, kí ó má ṣe dákẹ́ kí ó wá le ní ọ̀sán. Kí olórí rẹfirí kéde rẹ̀ kí ìpele àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti ẹ̀yin òbí tí ẹ jókòó lókè, a bẹ̀ yín, ẹ dín ariwo kù. Ọmọ tí ó wà nínú Àpótí Ìbéèrè ń gbọ́ ohun tí ẹ ń pe rẹfirí, ó sì ní láti bá ẹni náà sọ̀rọ̀.

Ní ti ìbéèrè ìyá náà, a kọ̀wé sí i pé kí ó jẹ́ kí ọmọ náà lọ. A sọ èrò wa fún un nípa rẹfirí òwúrọ̀, a sì ní kí ó ka ibẹ̀ sí ọmọ náà létí, bí kò bá tilẹ̀ dùn ún gbọ́.

Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn àsìkò ọdún 2025. Ọmọ náà kà á, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì béèrè ibi tí tépù wà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ tépù ẹsẹ̀ bàtà 6 mọ́ ilẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì ń fi ṣe ìdánrawò fífà sẹ́yìn títí ó fi mọ́ wọn lára láti kọjá rẹ̀. Nígbà tí a kó àwọn awakọ̀ ẹ̀rọ jọ ní ìdíje wọn àkọ́kọ́ ní ọdún náà, òun ni ó kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Ó béèrè báwo ni àwọn rẹfirí yóò ṣe mọ ẹsẹ̀ bàtà 6. Olórí rẹfirí rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sórí pápá, ó sì fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n níwájú gbogbo wọn.